Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Òkúta Dán Wò

Nínú yàrá ìpàdé, alátakò ni wọ́n ń pe Ìyá Awò. Wọ́n ní bí wọ́n bá mú un wọ ọ̀run, yóò ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò mọ́ tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí nísàlẹ̀ sì ń sọ pé, bí kì í bá ṣe Ìyá Awò, ìdajì ohun tí àwọn ti kọ ni ì bá jẹ́ irọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwádìí náà. Awò ojú ẹ̀rọ tó ń nù lójoojúmọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀rọ Raman ni wọ́n fẹ́ yàn. Ẹ̀rọ yìí a máa tan iná lésà sí nǹkan, a sì ti ara ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó bá ta padà mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Wọ́n fẹ́ fi mọ ẹran ara tó ní jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí èyí tó lálàáfíà. Èyí tí wọ́n bá yàn lónìí ni wọn yóò máa lò fún ọdún mẹ́wàá.

Àṣà ibẹ̀ ni pé àwọn tí kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni í yan ẹ̀rọ. Méjì tí wọ́n ti yàn bẹ́ẹ̀ rí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ tapólì, àwọn èèyàn ń gbé ife tíì lé wọn. Láàárọ̀ yìí, aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ń tà á gbé òkúta kékeré kan tó ń dán sábẹ́ iná aláwọ̀ ewé. Ìlà tó ń sọ ohun tí òkúta náà jẹ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó mọ́ kedere. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Awò, tí wọ́n pè wá so wáyà lásán, gbé ìbínú rẹ̀ mì títí ó fi bá ọ̀gá ilé ìwádìí náà lórí àtẹ̀gùn.

“Ọ̀gá, òkúta wo ló ń ní jẹjẹrẹ?”

“Ìyá Awò, ẹ ti tún dé. Ṣé ìlà yẹn ò mọ́ lójú yín ni?”

“Ó mọ́, sà. Ṣùgbọ́n bí iná yẹn bá kan ẹran ara, ẹran ara fúnra ẹ̀ á tàn yòò, á sì bo ohun tí à ń wá. Ẹ ó kàn máa wá tanná-tanná lọ́sàn-án gangan ni. Iná pupa ló yẹ wá.”

“Wọ́n ní iná pupa máa ń lọ́ra.”

“Kó lọ́ra, sà. Ẹni tó rọra rìn tó mọ̀nà sàn ju ẹni tó sáré tó ṣìnà lọ.”

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Wọ́n ń dúró kí n wá buwọ́ lùwé.”

Ìyá Awò rántí àwọn obìnrin tó yọ̀ǹda ẹran ara wọn fún ìwádìí yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé òkúta ni wọn yóò fi rọ́pò wọn. Èébú tó yẹ gbogbo ìgbìmọ̀ ti pé sí i lẹ́nu. Ó ká a mọ́ eyín.

“Aṣojú ò tíì palẹ̀ mọ́, sà. Ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹyọ ẹran ara kan sábẹ́ iná yẹn, kẹ́ ẹ wá wò ó kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.”