Tẹ̀tẹ̀ Adéwùnmí Lójú Ọ̀run

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Adéwùnmí Ikúbọlájẹ́ fi ń fọ ìgò, tó fi ń ka hóró irúgbìn, tó sì fi ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìkàrẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Agbowó ni wọ́n bí i sí, Agbowó náà ló sì ń bá ìyá rẹ̀ gbé títí di òní, nínú yàrá méjì tó kọjú sí títì. Ilé ìwádìí irúgbìn kékeré kan tí n kò ní dárúkọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ni wọ́n máa ń sáré pè bí nǹkan ò bá hù, tí wọn kì í sì í rántí bó bá ti hù tán.

Lọ́dún tó kọjá ni ìkéde kan jáde. Ilé ìwádìí kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń yí ayé po, èèyàn méje ló ń gbé inú rẹ̀. Nǹkan kì í wúwo níbẹ̀. Omi kì í ṣàn, eruku kì í balẹ̀, gbòǹgbò kò sì mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Àwọn tó ni ín ń wá ìbéèrè tí wọ́n lè ṣèwádìí rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìlú tí kò tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́ síbẹ̀ rí. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ bá dára jù yóò gba àyè kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ìwé gígùn jàn-ànràn. Wùnmí kọ ojú ewé kan péré. Ó ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kì í bẹ̀rù oòrùn, kì í bẹ̀rù ilẹ̀ tó ti ṣá. Bí gbòǹgbò rẹ̀ ò bá wá mọ ìsàlẹ̀ mọ́, ibo ni yóò kọjú sí, ṣé yóò sì ṣeé jẹ fún ẹni tó ń rin ìrìn àjò ọdún mẹ́ta lójú ọ̀run?

Tirẹ̀ ni wọ́n mú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú lórí ìwé, ti ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Adésànyà, sì tẹ̀ lé e. Obìnrin onírun kúkúrú kan tí yóò gbin hóró náà lókè fi fídíò kí i. Ó pe "Adéwùnmí" bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Wùnmí wo fídíò yẹn títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú. Ibi tí ayọ̀ bá ti pọ̀ tó báyẹn, ẹ jẹ́ ká máa wo ẹ̀yìn wa.

Òfin iṣẹ́ náà kò pọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi sá hóró náà títí ó fi gbẹ táútáú. Ó pín in sínú àpò ọ̀rá méjì, ó sì fi ẹ̀rọ oníná lẹ ẹnu wọn pa. Ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì yóò dúró nílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i mọ́. Ọjọ́ Túsìdeè ló lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e. Wẹ́sìdeè tó wà láàárín wọn ni ọjọ́ ìsìn.

Ìjọ aláṣọ funfun kan lẹ́yìn Òjòó ni ìyá rẹ̀ ń lọ. Níbẹ̀, kò sí ohun tuntun tí kì í dé iwájú pẹpẹ: kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, bírò ìdánwò, pásípọ́ọ̀tù ẹni tó ń lọ sí Kánádà.

"Adéwùnmí, ohun tó ń lọ sójú ọ̀run, a ò wá ní fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́?"

"Màámi, mo ti lẹ ẹnu ẹ̀ pa."

"Ṣé mo ní kó o tú u ni? Gbé e wá, kó kàn fojú kan pẹpẹ."

Wòlíì Ìṣọ́raolúwa gba àpò méjèèjì, ó gbọ̀n wọ́n létí. "Ṣé ọ̀rá la fẹ́ gbàdúrà fún ni, àbí ohun tó wà nínú ẹ̀?" Ni ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti ń pa òfin mọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀rín ìjọ kan ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu ọ̀rá méjèèjì. "Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́," ni Wòlíì wí, "Adéwùnmí, o ò ní tẹ́!" Wọ́n ṣe àmín, ó sì wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Wùnmí rí ẹ̀kán omi lórí àwọn hóró dúdú náà, wọ́n ń dán bí ojú eku.

Ó tẹ́ wọn sórí aṣọ ìnujú, ó ń fẹ́ wọn títí ìsìn fi parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún ẹnu ọ̀rá lẹ̀, ó sì bọwọ́ lu fọ́ọ̀mù tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣí i. N ò bá àdúrà jà o. Èmi náà ń gbà á. Ìbọwọ́lùwé yẹn ni mò ń bá jà.

Oṣù méjì kọjá. Ọkọ̀ tó gbé hóró náà lọ sójú ọ̀run gbéra, wọ́n pàtẹ́wọ́ nídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, wọ́n mu mínírà. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè kan, àkókò tó láti ṣí àpò ilẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, òórùn àpótí aṣọ tí òjò ti wọ̀. Hóró náà ti bu. Èbu dúdú bò wọ́n, ó hu irun, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì gbéra nígbà tí Wùnmí mí sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń wúkọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ikọ́ náà fi há a láyà, níbi tí fèrèsé wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ o. Lókè, kò sí fèrèsé tí wọ́n lè ṣí. Èémí kan náà ni àwọn méje yẹn jọ ń mí, ìyẹ̀fun tó bá sì jáde níbẹ̀ kò ní balẹ̀ láé. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n ṣí tiwọn.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ó sọ fún Dókítà Adésànyà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo ìjọ ló rí i nígbà tí mo ṣí i, sà."

"Àwọn yẹn ò mọ̀ pé ó ti bu. Èmi àti ẹ la mọ̀."

"Sà, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí wọn."

"Ká kọ kí ni? Pé a wọ́n omi sí i, a tún parọ́ lé e? Wọn ò ní sọ pé Wùnmí ni o. Wọ́n á ní báwa ará ibí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ò sì ní rí àyè bíńtín gbà mọ́. Tòkè lè má tilẹ̀ bu. Sun eléyìí. A ó ní eku ló jẹ ẹ́."

Wùnmí sun ún lẹ́yìn lábù, àti ọ̀rá àti hóró, níbi tí wọ́n ti ń sun ìwé àtijọ́. Kò tilẹ̀ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò. Ẹni tó ń sá kì í dúró wo ojú ohun tó ń lé e.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, ìyá rẹ̀ pè é jáde. "Ó ń kọjá o! Tìẹ ló ń lọ yẹn!" Ilé ìwádìí òkè náà yọ bí ìmọ́lẹ̀ funfun láti apá Ẹlẹ́yẹlé, kò ṣẹ́jú, kò pariwo, ó gba orí Bódìjà lọ. Ìyá náà ń juwọ́ sí i. Wùnmí kò lè gbójú sókè. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í. Ó wọlé, nígbà tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Omi Ọlọ́run kọ́ ló ṣe é," ni ìyá náà wí. Nígbà tó yá ó tún ní, "Ṣùgbọ́n tí mo bá mọ̀ pé májèlé wà nínú ìkòkò aládùúgbò mi, ṣé màá jókòó máa ro ohun tí wọ́n á fojú ẹ̀ wò mí ni? Lọ kan ilẹ̀kùn wọn."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Wùnmí kọ ọ́ ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì sí àwọn tó ni ilé ìwádìí òkè: pẹpẹ, omi, sísọ́ọ̀sì, ìbọwọ́lùwé, èbu dúdú. Kò dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, kò sì mẹ́nu ba iná. Èsì dé kí agogo mẹ́wàá tó lù.

Wọ́n dúpẹ́ pé ó sọ fún wọn. Wọ́n ní ètò iṣẹ́ yí padà, àwọn ti ṣí àpò náà láti Sátidé. Ìyẹ̀fun dúdú fò jáde. Obìnrin tó ṣí i ti ń wúkọ́ láti àná, kò sì lè mí dáadáa mọ́. Oògùn oríṣi méjì ló wà lókè, èyí tó bá bá èbu náà mu nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́, kò sì sí irinṣẹ́ níbẹ̀ tó lè sọ irú èbu tó jẹ́. Àpò ilẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Kí ó jọ̀wọ́ gbé e sábẹ́ awò kíákíá, àwọn ń pè é bọ̀.

Wùnmí sáré lọ sí ẹ̀yìn lábù. Òjò ti rọ̀, eérú ti di ẹrẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tú u, ó ń wá hóró kan, ẹyọ kan péré. Dókítà Adésànyà yọjú lójú fèrèsé, ó rí i, ó sì fa kọ́tìnì.

Fóònù dún. Ohùn kan pẹ̀lẹ́ láti òkè òkun bi í léèrè pé àpò náà dà.

"Mo ti dáná sun ún," ni Wùnmí wí.