Ẹ̀rín tí Abdulwahab Rí

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 1960. Igba ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ní Kakuri, ní Kàdúná.

Ẹni tó bá wọ inú gbọ̀ngàn náà, ẹnu rẹ̀ ò wúlò mọ́ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Bí òwú bá já, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí ebi bá ń pani, ọwọ́ náà ni. Abdulwahab, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sídìí òfì, kò rí irú rẹ̀ rí: ibi tí wọ́n ti ń hunṣọ tí ẹnikẹ́ni ò lè dárin. Akínladé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ máa ń mu kókó, ògì àwọn Hausa, níta lásìkò ìsinmi.

“Ọmọ aláṣọ òfì, ṣé bàbá rẹ lè bá ẹ̀rọ yìí sáré?”

“Kò lè bá a sáré. Ṣùgbọ́n òfì bàbá mi ò sọ ẹnikẹ́ni di adití.”

Akínladé á bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń rín nìyẹn: orí sẹ́yìn, ẹnu gbàgà, gbogbo eyín síta. Nínú gbọ̀ngàn náà pàápàá, bí Abdulwahab bá bojú wẹ̀yìn, ẹnu yẹn ló máa ń rí, láìgbọ́ ohun kankan.

Irin kan wà tó yẹ kó bo bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ. Ògúntádé, ọ̀gá wọn, ti yọ ti ẹ̀rọ Akínladé kúrò, nítorí pé títú irin náà ń fi àkókò ṣòfò nígbàkúùgbà tí bẹ́líìtì bá yọ̀. Gbogbo wọn rí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ náà, Abdulwahab ń so òwú tó já. Ó bojú wẹ̀yìn. Akínladé gbé orí sẹ́yìn, ó ya ẹnu gbàgà. Abdulwahab rẹ́rìn-ín padà sí i, ó sì kọjú sí òwú rẹ̀. Nígbà tó tún yíjú, bẹ́líìtì ti wé apá ẹ̀wù ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ọrùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ pe Abdulwahab sí ọ́fíìsì.

“Kí lo rí?”

“Mo rò pé ó ń rẹ́rìn-ín ni, sà.”

Wọn ò béèrè nípa irin. Òun náà ò sọ. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ní eré ni Akínladé ń ṣe nídìí ẹ̀rọ tó fi kú, kí ìyàwó rẹ̀ kó kúrò nínú ilé iléeṣẹ́. Nígbà yẹn, irin náà ti padà sáyè rẹ̀.

Níbi ìkómọ kan, àlejò kan ń rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀. Abdulwahab fò dìde, ó gbá a lápá mú, ó ń fà á pẹ̀lú gbogbo agbára, bí ẹni tó ń fa èèyàn yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

“Haba, Malam! Kí ni mo ṣe?”

Láti ọjọ́ náà, Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ láti máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Moróunkẹ́, opó Akínladé, yà sílé wọn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó kọjú sí Abdulwahab.

“Bàbá Ṣẹ̀fíátù, ṣé ẹ̀rín ni?”

“Igbe ni, Ìyá Olúdayọ̀.”

“Wọ́n ní ẹ̀yìn ìsìnkú ni wọ́n dá irin kan padà. Ṣé òótọ́ ni?”

Ó wolẹ̀. “Òótọ́ ni.”

“Ẹ dìde nígbà náà. Ká jọ lọ sọ ọ́ fún wọn.”

“Wọ́n á lé mi. Mo lọ́mọ.”

“Òun náà lọ́mọ.”

Moróunkẹ́ dúró de Abdulwahab. Kò dìde. Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó lọ. Ní ọdún 1966, Abdulwahab ṣì wà nídìí ẹ̀rọ náà.

Ìwọ tí ò ń kà á, má pè é ní kádàrá. Béèrè orúkọ ẹni tó yọ irin. Lẹ́yìn náà, béèrè orúkọ gbogbo àwọn tó rí i.