Má Kí Bàbá Rẹ

Ìró ẹ̀rọ náà ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Ó máa ń kùn bí ilé oyin, àyà mi a sì máa já kí n tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, mo sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun ní ilé ẹ̀rọ rédíò kan lẹ́yìn ìlú Ìlọrin. Iṣẹ́ wa ni láti máa ṣe àtúntò agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti ohùn jáde: bó bá kéré, àwọn ará oko ò ní í gbọ́ nǹkan kan, bó bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á jóná. Àwọn ará ìlú mi l'Ọ̀mù-Àrán ń pè mí ní ẹnjiníà. N kò bá wọn jiyàn, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó ń fi kún agbára náà tàbí tó ń dín in kù ni mo mọ̀ ọ́n yí.

Nọ́ọ̀tì yìí gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. A kò lè pa ẹ̀rọ ká tó yí i, torí bí a bá pa á, abẹ́rẹ́ mítà kò ní í sọ iye agbára tó ń jáde. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ la ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i, láàárín àwọn irin tó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi, ọmọ Gàmbàrí tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, ti kìlọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló gbọdọ̀ wọlé, kí tòsì wà nínú àpò ṣòkòtò. Bí ọwọ́ méjèèjì bá kan irin, àyà ni iná máa gbà kọjá. “Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́,” ló máa ń wí, “Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku ọ̀la kí wọ́n wo oṣù ààwẹ̀. Àwọn abúlé kan ti ránṣẹ́ pé àwọn kì í gbọ́ wa dáadáa, a sì fẹ́ fi kún agbára ohùn kí ìkéde oṣù lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú ẹ̀rọ, Ọ̀gá ń wo mítà, ó ń sọ pé, “Fi kún un. Díẹ̀ sí i.” Òógùn ń bọ́ sí mi lójú, n kò lè nù ún. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn mi. Ó ti Ọ̀mù-Àrán wá wo ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, olùṣọ́ sì ti jẹ́ kó wọlé. Ó fi oríkì pè mí.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ta ni bàbá rẹ̀ máa fi oríkì pè tí yóò dúró gbagidi, kó ti ọwọ́ bọ àpò? Kí n tó mọ̀, ọwọ́ òsì mi ti jáde, orúnkún mi ti ń tẹ̀, ọwọ́ náà sì ń wá ibi tí yóò dì mú lára ẹ̀rọ.

“Súbúhánálàhí! Má kí i!” Ọ̀gá pariwo. “Má kí bàbá rẹ! Dúró bẹ́ẹ̀!”

Mo dúró. Bàbá mi náà dúró, inú ń bí i: irú ènìyàn wo ló ń ní kí ọmọ má kí bàbá rẹ̀? Ọ̀gá pa ẹ̀rọ, ó ní kí n rọra fa ọwọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá kan tí wáyà rẹ̀ wọnú ilẹ̀ lọ, ó fi kan irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ mi wà. Ó dún gbàù, iná kọ mànà. Ẹ̀rọ tí a ti pa nìyẹn o, iná ṣì kù nínú rẹ̀.

Bàbá mi wo irin náà, ó wò mí. Nígbà tí mo wá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó gbá mi léjìká mú.

“Má dọ̀bálẹ̀,” ló wí. “O wà láàyè. Ó tó mi ní ìkíni.”

Àwọn ará abúlé gbọ́ ìkéde oṣù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò kúrò lára bàbá mi mọ́. Títí ó fi di arúgbó, bí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, á sáré dì mí mú. Àwọn ẹbí a máa sọ pé ó ti bà mí jẹ́. Èmi náà ti darúgbó báyìí, àwọn ọmọ mi sì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí a sin bàbá mi ni mo tó nà gbalaja níwájú rẹ̀. Kò dá mi dúró.