Àpótí Tó Mọ Ẹsẹ̀ Mummy Christiana

Bí ẹ bá rí Uncle Ọládàpọ̀ tó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich, ẹ lè rò pé ilẹ̀ gbígbá nìkan ló mọ̀. Ẹ ti tan ara yín jẹ nìyẹn. Rédíò ló ń tún ṣe ní Iléṣà kó tó wá síbí.

Ìyàwó rẹ̀, Mummy Christiana, ló ń rán sùtánà, aṣọ funfun ìjọsìn, fún ìdajì ìjọ Aládùúrà wa. Èmi ni mo máa ń bá a so bọ́tìnnì. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà padà rìn, ṣùgbọ́n kò mọ jẹ́jẹ́ mọ́. Bó bá ti tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mọ́tò inú rẹ̀ á sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un níka, ó pe Abísọ́lá, aránṣọ ọmọ ìjọ wa kan ní Plumstead.

"Wá gbé machine yìí on Saturday, ọmọ mi. Mo ti fún ẹ."

Ó sunkún lẹ́yìn ìpè yẹn. Ó dùn mí wọra.

Ọkọ rẹ̀ kò bá a jiyàn. Mọ́tò sáfò ló wà lára ẹ̀rọ náà, irú èyí tó máa ń ṣe gẹ́lẹ́ bí àpótí tó ń darí rẹ̀ bá ṣe rán an níṣẹ́. Ló bá yọ àpótí náà kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, èyí tí yóò máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán mọ́tò níṣẹ́. Ní Wẹ́sidé ó dán an wò, aṣọ rán gbọọrọ, ó bú sí ijó. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mọ́tò kò mira. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ló bá tún ta kìjí.

Mummy sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Daddy, ẹ fi í sílẹ̀. It's okay."

Inú bí Uncle, àfìgbà tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà iṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́sẹ̀ tó fi dán an wò, ìwọ̀n rẹ̀ ni àpótí náà mọ̀! Mummy kì í sì í wọ bàtà rán aṣọ mímọ́, torí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ kò ní wọ bàtà. Aládùúrà àtọdúnmọ́dún ló gbàgbé èyí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Ó ní kí ìyàwó òun gbé tirẹ̀ lé e lórí, kó máa tẹ̀ ẹ́. Báyìí ló ṣe mọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń gbọ̀n. Ó tún ìlànà kọ̀ǹpútà inú àpótí náà kọ, kó má fetí sí gbígbọ̀n, kó máa gbọ́ títẹ̀ nìkan.

Ní Fúráìdé, ó gbé àwòrán àpótí náà àti ìlànà rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Mo ní, "Uncle, ẹ ò ní tà á ni?"

"Ta ló ta ẹsẹ̀ fún èmi?"

Abísọ́lá gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé ní Sátidé. Mummy kò gbọ́ aago ẹnu ọ̀nà; ó ń rán aṣọ láti ọrùn dé ìṣẹ́tí lọ, kò dúró, kò wọ́. Ìgbà tó gé òwú tán ló tó gbójú sókè.

"Má bínú, ọmọ mi. Machine yìí ò lọ síbì kankan mọ́."

"Ah, Mummy! And I came with a van!"

"Kò burú. Dúró dáadáa, jẹ́ kí n wọ̀n ẹ́. Sùtánà tìẹ ló kàn."