Owó Tí Abẹ́rẹ́ Gún

Kò sí ẹni tó ń gbé ilé alájà mẹ́ta yẹn tí kò tíì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ Má-nàá-tán. Aránṣọ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, láàárín ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn, níbi tí gbogbo èrò ilé ti ń fara nù ún kọjá. Àwọn aládùúgbò ló fún un lórúkọ yẹn, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti ń parí lọ, tí ọbẹ̀ wọn bá ti ń ṣàn lórí iná bí omi lásán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Màámi, báwo lẹ ṣe ń ṣe é ná?"

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ọṣẹ ìfọṣọ kan, mẹ́rin ló ń gé e sí, á sì kọ́kọ́ sá a sóòrùn, nítorí ọṣẹ tútù a máa yára tán. Kì í lọ ra oúnjẹ nígbà tí ebi bá ń pa á. Kì í mú ju iye owó ohun tó fẹ́ rà jáde nílé, kí ọ̀nà má baà tàn án. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ bá gbó, á tú u, á yí inú rẹ̀ síta, á rán an padà, ṣẹ́ẹ̀tì á sì tún lo ọdún méjì. Bí nǹkan tí kì í ṣe dandan bá wù ú, á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fàlà sára aṣọ kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, á fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ṣì wù ú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á wá ronú sí i. Ọ̀pọ̀ bàtà àti ìkòkò ló kú sára ògiri yẹn.

Àwọn kan ní ahun ni. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ahun a máa kówó jọ nítorí owó, ṣùgbọ́n Má-nàá-tán mọ ohun tó ń lé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lódìkejì títì, onífèrèsé méjì, tó gba ẹ̀rọ mẹ́ta. Ọ̀gá ilé-ìwé tó wà nítòsí ti sọ fún un pé òun lè gbé aṣọ gbogbo ọmọ ilé-ìwé fún un rán, àmọ́ òun ò lè kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ránṣọ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà sì ti ṣèlérí pé bí ayálégbé tó wà níbẹ̀ bá kó jáde, tí Má-nàá-tán sì mú owó ọdún méjì wá lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ ni. Ọdún méje ló fi ń kó owó yẹn jọ.

Inú àpótí kan ló ń kó o sí. Ọkọ rẹ̀ ló kàn án, nítorí káfíńtà ni, Káfíńtà náà sì ni gbogbo ilé ń pè é. Àpótí náà ní ojú tóóró lórí tí owó ń gbà wọlé, ó sì ní àgádágodo méjì. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ọkọ, èkejì wà lọ́wọ́ ìyàwó, kí ẹnikẹ́ni má lè dá a ṣí. Èyí nìkan ò tó Má-nàá-tán. Kó tó ju owó sínú rẹ̀, á kó o jọ, á fi igun rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, á rán an pọ̀, kó lè jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ bá ń yún yóò kọ́kọ́ wá abẹ tú òwú. Ó máa ń sọ fún àwọn obìnrin ilé pé owó tí wọ́n bá rán pọ̀ kì í rìn lálẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì lọ rán tiwọn.

Ohun kan tún wà tó máa ń sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí oṣù bá parí, Káfíńtà kì í yẹ̀ kó má fún un lówó oúnjẹ. Bíríkìlà ní àjà kejì lè wà láìríṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, akunlé ní àjà kẹta lè máa tọrọ iyọ̀, ṣùgbọ́n owó Káfíńtà á dé. Má-nàá-tán á kúnlẹ̀ gbà á. Á yọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá, á rán an, á jù ú sínú àpótí, á sì fi méje yòókù bọ́ ilé. "Ọkọ yín lè má lówó," ló máa ń sọ fún wọn, "ṣùgbọ́n kó má parọ́ fún yín. Ìyẹn nìkan lèmi fi ń sùn dáadáa."

Nígbà tí ọdún keje ń lọ sópin, ayálégbé ṣọ́ọ̀bù kó jáde. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gba owó. Má-nàá-tán ti mú tépù rékọjá títì lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọn ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa dúró sí. Tọkọtaya fẹnu kò pé ní àárọ̀ Sátidé ni àwọn máa ṣí àpótí.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni oṣù parí sí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Káfíńtà na owó sí i. Má-nàá-tán kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ yín ò ní gbẹ." Ayédèrú owó gbòde nígbà náà, torí náà ó ń gbé owó náà sójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìmọ́lẹ̀ yọ ní igun àkọ́kọ́: ihò méjì, àlàfo, ihò kan. Ó mú èkejì. Ihò méjì, àlàfo, ihò kan. Ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó. Bó bá gún aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, á fo ẹ̀kẹta, á tún gún ẹ̀kẹrin, òun á sì fọwọ́ dí ibi tó fò kí oníbàárà má baà rí i. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn láyé tó ń gún nǹkan báyìí. Owó tí ẹ̀rọ yẹn sì gún kò tíì kúrò nínú àpótí rí.

Kò pariwo. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín wá."

"Kí ló dé? Ṣé Sátidé kọ́ la sọ ni?"

"Ẹ mú un wá."

Wọ́n ṣí àpótí. Owó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ò lè san ti oṣù méjì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Òwú ló pọ̀ níbẹ̀, òwú tí wọ́n ti fi abẹ gé, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, gbogbo àwọ̀ aṣọ tó ti rán láti ọdún mẹ́ta. Ó fọwọ́ ti pátákó ẹ̀yìn àpótí, pátákó náà sì yọ̀ kúrò bí ìdérí. Àgádágodo méjèèjì ṣì wà níwájú, wọ́n ń dán gbinrin. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ẹni tó kan àpótí kò sì nílò kọ́kọ́rọ́.

Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Iṣẹ́ ti dá, ìyá wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Àga tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń lọ rà báyìí, ta ló tún ń pe káfíńtà? Mo ní kí n yá díẹ̀ níbẹ̀. Mo ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ á wọlé, màá dá a padà. Mo máa ń lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí owó tí kò níhò lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan kí n tó fún ẹ. Òní Ọjọ́ Àìkú ni wọn ò ṣí."

"Gbogbo àárọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń jáde nílé, ibo lẹ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń tún rédíò ṣe. Mo máa ń jókòó síbẹ̀."

Má-nàá-tán ń ṣírò, ìṣirò yẹn sì ń wọ̀ ọ́ lára bí otútù. Owó inú àpótí ni ọkọ rẹ̀ ń mú jáde wá fún un. Òun á yọ mẹ́ta nínú rẹ̀, á rán an, á dá a padà síbẹ̀, ọkọ á tún lọ mú un jáde. Mẹ́wàá ń lọ, mẹ́ta ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi, tó sì ń kọ́ gbogbo ilé bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n. Oṣù mẹ́rìndínlógójì ló kúnlẹ̀ dúpẹ́ fún owó ara rẹ̀, ọkùnrin yìí sì ń wo àárín orí rẹ̀ nígbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń jẹ́ kó dúpẹ́ tán.

"Ojú ló ń tì mí," ni Káfíńtà wí. "Mi ò fẹ́ kí ọkàn ẹ dà rú."

"Ọmọ rẹ ń fi imú nu ìwé kó tó lè kà á," ni Má-nàá-tán wí. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, "ẹ" ló ń fún un, ọjọ́ yẹn ni "o" kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì padà sí "ẹ" mọ́. "Mo ní kó ṣe sùúrù fún awò ojú, torí àpótí. O wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́. O ní fún un pé ìyá rẹ̀ ló gbọ́n jù."

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́."

"Ká ní o sọ fún mi lóṣù àkọ́kọ́, ǹ bá mọ bí màá ṣe ṣe é. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Gbogbo ilé yìí ló ń wá bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi, àfi ìwọ tá a jọ ń sùn." Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ya. Owó dùn ún, a ò ní parọ́, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn ún jù. Ọkùnrin náà ti gbà pé agbára ìyàwó òun ò gbé òtítọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábẹ́ apá. Má-nàá-tán ní, "Owó ò pé, Bàbá." Bàbá wò ó títí, ó rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó ní òun ò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lófìfo. Má-nàá-tán ò sọ ìdí fún un, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ilé sọ tiwọn láàárín ara wọn, pé ó dà bíi pé ọgbọ́n owó náà ò kọjá ẹnu.

Kò tó wákàtí méjì tí owó ọdún méjì fi dé ọwọ́ Bàbá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ẹlẹ́rìn-ín ló mú un wá tó sì gba ṣọ́ọ̀bù náà, aránṣọ kékeré tó ń gbé ní àjà kẹta, tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ló ti kọ́ iṣẹ́, níbẹ̀ náà ló ti kọ́ ìtọ́jú owó: ọṣẹ ọ̀nà mẹ́rin, orúkọ nǹkan lára ògiri, gbogbo rẹ̀. Kò tíì lọ́kọ, òun nìkan ló sì ń ṣí àpótí tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ bá gbà, ẹ wá máa bá mi gé aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Màá máa san án fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ó gún un bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ilé gbọ́dọ̀ jẹun. "Mélòó?" ni Má-nàá-tán bèèrè.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kọ́kọ́ sanwó fún un. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ìdajì, ó sì nà án padà sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Bá mi tọ́jú ẹ̀," ló wí. "Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀." Ẹlẹ́rìn-ín gbé ojú sókè wò ó, ó sì gba owó náà.

Nígbà tí Má-nàá-tán délé, Káfíńtà ti gbálẹ̀, ó ti fọ abọ́, ó ti gbé omi sí ibi tó yẹ. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti Ọjọ́ Àìkú yẹn, kò tún lè jókòó lójú ìyàwó rẹ̀. Ó rọra bèèrè pé, "Mélòó ni wọ́n san?"

Má-nàá-tán wò ó lójú, ó dárúkọ ìdajì. Ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti jọ wà, kò parọ́ owó fún un rí, ó sì ti rò lójú ọ̀nà pé ohùn òun máa gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Káfíńtà gbà á gbọ́.