Jẹ́jẹ́ àti Sípíkà Rẹ̀ Tuntun

Àbúrò mi ọkùnrin ni gbogbo èèyàn ń pè ní Jẹ́jẹ́. Bó ṣe ń rìn nìyẹn, bó ṣe ń jẹun nìyẹn, bó sì ṣe ń ta gìtá nìyẹn. Èmi tí wọ́n bí i lé, ẹnu mi mú bí abẹ, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa pariwo nínú ẹbí.

Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ìwé kí wọ́n tó mọ̀ pé abẹ ẹ̀rọ ti kú. Jẹ́jẹ́ á kàn tẹ́tí, á ní, "Ẹ yọ ọ́, ẹ lọ pọ́n ọn." Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á lọ bá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣeré fún àwọn tó wá jó. Ampilifáyà tó fi ń gbé ohùn gìtá jáde nígbà yẹn ga dé ìgbáròkó, ó sì wúwo kọjá àfẹnusọ. "Orogún mi" ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é. "Àǹtí," á wí fún mi, "orogún mi ti gba gbogbo pálọ̀ o. Ẹ bá mi bi ọkọ mi, èwo nínú wa ni ìyálé?" Jẹ́jẹ́ á rẹ́rìn-ín, á tún aṣọ tó fi bo ampilifáyà náà ṣe.

Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé e ṣánlẹ̀. Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, a ní òtútù ni. Kí á tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti rù kan egungun. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un nílé ìwòsàn kò kéré. Nọ́ọ̀sì kan sì sọ fún un, bó ṣe yẹ kó sọ ọ́, pé abẹ́rẹ́ náà máa ń ba etí àwọn mìíràn jẹ́, pé tó bá ti kíyè sí i pé etí òun yàtọ̀, kó tètè wí. Jẹ́jẹ́ ní òun ti gbọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sọ fún mi, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó gbádùn, ó padà wálé, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́.

Bí orogún ṣe di ibi tí ìyàwó ń sá aṣọ sí nìyẹn. Jẹ́jẹ́ lọ ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó máa sín ampilifáyà jẹ: èyí tó wù kí ó jẹ́, ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí, á sín in jẹ débi pé ẹni tó ni ín gan-an á ṣì í mú. Àmọ́ kò lè pariwo fúnra rẹ̀. Ó nílò àpótí sípíkà kékeré kan, tó ní agbára iná tirẹ̀ nínú, tí yóò máa bá a gbé ohùn jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sípíkà yẹn ló ń jẹ́, kì í fi iyọ̀ tirẹ̀ kún un. Ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Báyìí ni mo ṣe di aláàárù àbúrò mi lọ́jọ́ ogbó. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ tí mi ò rán, mo ń tẹ̀lé olórin kiri.

Nílé, ó jókòó sórí àga kúkúrú, ó kọjú sí sípíkà náà, ó ń tún ohùn gìtá ṣe títí ó fi dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Nígbà tó di Jímọ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbé sípíkà kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn onígìtá ń gbé tiwọn sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó dúró, ó ta okùn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àǹtí mi, kò mú. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́nu."

Ló bá yí bọ́tìnnì kí ohùn náà lè mú sí i. Nígbà tó di orin kejì, ó tún yí i. Èmi tí mo jókòó ní ọ̀ọ́kán, ńṣe ni gìtá yẹn ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí sún sẹ́yìn. Obìnrin kan fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó sì ń jó lọ bẹ́ẹ̀, torí ijó wù ú.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ náà wá bá a. "Jẹ́jẹ́, ṣé ò ń gbọ́ ara rẹ?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, kò tíì mú tó ni."

"Kò mú tó kẹ̀? Nígbà tó fẹ́ fá wa lórí!"

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Gbogbo ìgbà tí àbúrò mi fi wà ní ìdùbúlẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà ti ń ráhùn. Ó ní àwọn á fi orin dánra wò ní Wẹ́sídeè, tó bá tún rí bákan náà, òun á wá onígìtá mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ wá jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún mi.

"Àǹtí mi, etí mi ti lọ. Ohun tó ń gún gbogbo yín, èmi ò gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ra látọjọ́ yìí? Ṣé òkúta ni ọ́ ni?"

"Tí mo bá sọ ọ́ jáde, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn."

Mo ní kí á dìde, kí á lọ yẹ etí náà wò. Ó ní kí n jẹ́ kí Wẹ́sídeè kọjá ná, kí òun tún ta gìtá lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún òun pé òun ti di adití. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn.

Nígbà tó di Wẹ́sídeè, gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ṣófo, wọ́n ti to àwọn àga lé ara wọn. Mo gbé sípíkà kalẹ̀ síbi tí mo gbé e sí ní Jímọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀ ló tún ṣẹlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń yí bọ́tìnnì, Ọ̀gá ń fa ojú ro. Nígbà tó yá, Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, orin dúró.

"Jẹ́jẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, èyí ló bà mí lẹ́rù jù. "Lọ sinmi, àbúrò. O ti ṣe dáadáa."

Jẹ́jẹ́ kò bá a jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gìtá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó lóṣòó síwájú sípíkà, ó fẹ́ gbé e fúnra rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀!" mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ẹ̀rù bà á, ọwọ́ rẹ̀ ha okùn gìtá. Ohùn náà jáde wàà, ó sì bá a lójú gan-an. Jẹ́jẹ́ fò sẹ́yìn, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀, ó di etí mú.

Ó tún sún mọ́ sípíkà, ó kọ etí sí i, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ta okùn náà. Ó tún fara gbọ̀n.

"Ó ń gún mi létí!" ó kígbe. Jẹ́jẹ́ tí kì í kígbe! "Àǹtí mi, ó ń gún mi létí!"

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ náà. Ó lóṣòó tì í, ó gbọ́ ọ, ó dìde, ó tún gbọ́ ọ. Ọ̀kánkán ibi tí àpótí kékeré yẹn kọjú sí ló ń sọ̀rọ̀ sí. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àbúrò mi àti àwa tí a jókòó lókèèrè ló ń bá wí. Etí rẹ̀ tó wà lókè ń he ìyókù. Gíga tí orogún ga ni kò jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ fa àga kan wá kí wọ́n lè gbé sípíkà náà lé e.

Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń ta okùn kan ṣoṣo náà, ariwo burúkú yẹn sì ń jáde.

"Jẹ́jẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀," Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ wà nínú etí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i."

Orí ti ń fọ́ èmi náà. Mo jókòó tì í nílẹ̀ níbẹ̀, mo di etí mi méjèèjì, mo ní kó máa ta á lọ.