Àwọn Ewúrẹ́ Tí Mo Tà

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwà ẹranko ni mo kà ní yunifásítì. Lọ́dọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ kan á nàwọ́ sókè, á bi mí pé kí ló dé tí odindi onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á jókòó, tí á máa wo ẹran. Èsì kan náà ni mo máa ń fọ̀: ẹran kò lè sọ ohun tó ń ṣe é, ohun tó bá ń ṣe ló ń sọ ọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìdánwò. Èmi náà, nítorí ìdánwò ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ewúrẹ́ mẹ́rin ni màmá mi ń sìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Láàárọ̀, àwọn ewúrẹ́ á jẹ̀ lọ sí àdúgbò. Nírọ̀lẹ́, màmá á kó èèpo ẹ̀gẹ́ sínú abọ́ irin, wọ́n á fi ṣíbí lu etí rẹ̀, gbogbo ẹran á sì sáré wálé. Nígbà tí àìsàn náà le, tí màmá kò mọ̀ mí mọ́, mo ta gbogbo ewúrẹ́ náà. Ta ni yóò máa gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ ìtọ́jú arúgbó?

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde. Ọlọ́kadà kan ló gbé wọn bọ̀ láti ọ̀nà Ibefun, màmá kò wọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra àgádágodo, ó ní tó bá di Sátidé òun á gbé e wá, ká máa fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ màmá. Mo ní ó dáa. Kò dùn mí, inú kò sì bí mi. Ara mi ti kú sí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yẹn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màmá á kí mi bí àlejò: "Ẹ kú àbọ̀, sà. Àwọn onílé kò sí o." Màá ní, "Ẹ ṣé, mà," màá wọlé lọ jẹun.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ilé ìwé wà ní ọlidé. Mo gbé ìwé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé mi débẹ̀; iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ohun tí màmá ń ṣe sílẹ̀, bí a ṣe ń kọ ti ẹran. Tí aago mẹ́rin bá ti lù, wọ́n á mú ṣíbí, wọ́n á fi lu géètì, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n á tún lù ú. Nígbà tí nǹkan kan kò bá dé, wọ́n á jáde lọ wá a.

Mo ka ohun tí mo kọ. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ra abo ewúrẹ́ kan. Ẹran tuntun, ńṣe la máa ń so ó mọ́lẹ̀ kó tó mọ ilé, nítorí náà mo so ó mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ní Sátidé, màmá wà lórí àpótí, wọ́n ń fi ṣíbí lu abọ́, wọ́n ń fún ewúrẹ́ náà ní èèpo. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí, ó ki àgádágodo bọ àpò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tú ewúrẹ́ náà sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, mo gbọ́ ṣíbí lára abọ́. Ewúrẹ́ náà sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wọlé. Màmá da èèpo sílẹ̀ fún un, wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n rí mi lẹ́nu géètì.

"Ìwọ náà, kí lo dúró síta fún? Wọlé."

Mo wọlé.